Kì í ṣe ogbó ló ń ráhùn

"Bó ṣe ń ṣe àgbà nìyẹn." Ìdáhùn wa rèé sí ohunkóhun tó bá ń ṣe arúgbó. Kò jẹun, ogbó ni. Kò bá ará ilé sọ̀rọ̀, ogbó ni. Ó ní ayé sú òun, a ní ṣebí wọ́n ti dàgbà.

Irọ́ ni, ó sì ń pa wọ́n lára.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan, ẹni ọdún 74, kò jáde mọ́ fún bí ọdún méjì. Wọn ò lọ sípàdé ẹgbẹ́, wọ́n pa ìsọ̀ tì. "Ogbó ò dáa, ẹ jẹ́ n sinmi" ni wọ́n ń wí ṣáá. Gbogbo wa gbà. Èmi náà gbà, ó sì ń dùn mí dòní. Ìyàwó ọmọ wọn ló kíyè sí i: kí wọ́n tó bu omi sínú ife, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka wá etí ife náà. Àṣé ojú ni! Funfun ti ń bo ẹyinjú wọn méjèèjì díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ síta, torí àwọn náà gbà pé ogbó ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, wọ́n ṣe fún èkejì. Kò pẹ́ tí mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n bi mí ní iye tí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí jẹ́. Ọjọ́ orí wọn ò kúkú dín. Ogbó tí wọ́n ń bú yẹn náà ni wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí báyìí.

Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà 2,152, ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú 100, bíi 7 ni àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá fínra láàárín ọdún kan. Tó bá jẹ́ ogbó ló ń fà á, kí ló yọ àwọn 93 yòókù sílẹ̀? Nínú iṣẹ́ ìwádìí yẹn kan náà, ríráyè bá ẹbí ṣe àti bíbá àdúgbò kópa wà lára ohun tó ń mú kí ayé dùn mọ́ àgbà jù.

Nítorí náà, bí bàbá tàbí ìyá bá ń bú ogbó, ẹ wo ojú wọn, ẹ wo orúnkún, ẹ wo eyín. Ẹ má gbàgbé etí: àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ á máa sá fún ìjókòó ẹbí, a ó sì ní inú ló ń bí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wá kí wọn kẹ́yìn.