Ẹ̀rù Òbúkọ Ń Ba Òyìnbó

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òyìnbó kì í bẹ̀rù èpè, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti gbé Chicago rí nínú oṣù Ọ̀wàrà. Níbi iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ nílùú yẹn, wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀: "Jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin ṣì gbà gbọ́ nínú oògùn lọ́hùn-ún?" Ohùn àánú ni wọ́n fi ń béèrè o. Èmi náà á ní rárá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, a ò mọ irú ẹ̀. Ọkàn wọn á balẹ̀. Ìgbà tí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2016 dé, àwọn kan náà ni mo rí tí wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, wọn ò fọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá fọ̀ ọ́, oríire á bá omi ọṣẹ lọ. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì kan náà la jọ ń gùn. Mo mọ ohun tí imú mi rí.

Béésìbọ́ọ̀lù ló fà á. Ẹgbẹ́ kan wà ní apá àríwá Chicago, Cubs lorúkọ wọn, Wrigley Field ni pápá wọn. Títí di 2016 yẹn, ọdún 1908 ni wọ́n ti gba ife World Series, àṣekágbá béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gbẹ̀yìn. Ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Ní 1908, Lugard ò tíì so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, ìyẹn di 1914. Orílẹ̀-èdè wa dé, ó gba òmìnira, ó ja ogun abẹ́lé, ó kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sórí náírà, sọ́jà gbàjọba títí ó fi sú àwọn fúnra wọn, Cubs ò tíì gba ife kankan.

Kí ló dé? Òbúkọ ni. Mi ò ṣàwàdà.

Ní 1945, Cubs ń bá Tigers ti Detroit fà á nínú World Series. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Billy Sianis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà bíi tèmi, ó ní ilé ọtí kan tó sọ lórúkọ òbúkọ. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ sí pápá: ọ̀kan fún ara ẹ̀, ọ̀kan fún òbúkọ ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n mú ẹran náà jáde, pé ó ń rùn. Inú bí Sianis, ó ṣẹ́ èpè lé wọn lórí pé Cubs ò ní í borí mọ́. Wọ́n pàdánù ìdíje náà, wọn ò sì fojú kan World Series mọ́ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí wọ́n ṣe ń pa á nítàn nìyẹn. Àwọn kan ní wọ́n bù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹ má dán an wò láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ará àríwá Chicago tó ti mu bíà méjì.

Lójú tèmi, ẹjọ́ náà ò le rárá. Àlejò ni Sianis. Tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ lọ́wọ́ ẹran ẹ̀. Ẹ wá ní òbúkọ ń rùn. Èwo ni òbúkọ tí kì í rùn? Nílé wa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni irú ẹ̀ máa ń gbà. Àgbààgbà mẹ́ta á gbé obì àti ọtí dání, wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ fún onítọ̀hún, wọ́n á ní iṣẹ́ ọmọdé ni, kó má bínú. Ó parí. Òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di 1984 ni wọ́n tó ní kí mọ̀lẹ́bí Sianis kan mú òbúkọ wá sí pápá, kí wọ́n fi tu ẹran lójú. Lọ́dún yẹn, wọ́n na San Diego lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹyọ kan péré kí wọ́n wọ World Series, San Diego bá nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Kí ni wọ́n ń retí? Òbúkọ tí wọn ò ṣẹ̀ ni wọ́n lọ ń bẹ̀.

Ti 2003 ló wá burú jù. Ó ku èèyàn márùn-ún péré nínú àwọn alátakò tí wọ́n máa lé jáde kúrò nínú eré kí wọ́n wọ World Series. Bọ́ọ̀lù kan fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òǹwòran, ọkùnrin kan tó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ na ọwọ́ sí i bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣe nawọ́, agbábọ́ọ̀lù Cubs ò rí i mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Marlins ti Florida gba àmì mẹ́jọ lábala kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ti tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ti bọ́ọ̀lù. Wọ́n ra bọ́ọ̀lù náà ní gbàǹjo, owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọ́n sì yìn ín níná lójú gbogbo ayé ní 2004, ó fọ́ yángá. Ó yẹ kó tán síbẹ̀, àbí? Rárá o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé oúnjẹ tó ni ín gbé àjẹkù bọ́ọ̀lù náà kaná, wọ́n gba ooru ẹ̀, wọ́n fi omi ooru yẹn sínú ọbẹ̀ tòmátì, wọ́n bù ú lé spaghetti fún àwọn oníbàárà.

Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí nípa oògùn?

Ní 2008, àlùfáà Gíríìkì kan wá wọ́n omi ìyàsímímọ́ síbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jókòó sí. Dodgers ti Los Angeles nà wọ́n ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Bàbá òyìnbó kan ni wọ́n fi sọ́dọ̀ mi, ó ti lé lọ́gọ́rin. Ọjọ́ kìíní, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹnu mi ò lè gbé e." Bàbá tó ju bàbá tó bí mi lọ, kí n máa ké orúkọ ẹ̀ gbóló bí ẹgbẹ́ mi? A fẹnu kò sí "Daddy". Ìgbà tí mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ nínú ilé ìtajà, tí mo ń ní "Daddy, ṣé wàrà yìí ni?", ẹ wá wo ojú àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wò wá látòkè délẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìṣirò.

Ọmọdé ni Daddy ní 1945. Ó ní òun bẹ bàbá òun títí kó mú òun lọ wo World Series yẹn, bàbá ní kó fara balẹ̀, àwọn á lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi náà kì í ṣe àjèjì sí ìyà. Ọmọ Arsenal ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní òpin, nítorí pé aago ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gba góòlù kan wọlé, ẹ lè máa bẹ Ọlọ́run kí réfírì tètè fọn fèrè. Béésìbọ́ọ̀lù ò ní aago tó ń parí eré. Ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù, ìkejì ń fi igi gbá a. Ó di dandan kí ẹ lé èèyàn mẹ́ta wọn jáde lábala kọ̀ọ̀kan, abala mẹ́sàn-án, bí ó bá sì dọ́gba, wọ́n á tún máa bá a lọ títí tí ilẹ̀ fi máa mọ́. Kò síbi tí a lè sá pamọ́ sí kí àkókò fi kọjá. Nígbà yẹn, kí wọ́n tó fi aago sí ajubọ́ọ̀lù lọ́rùn ní 2023, láàárín bọ́ọ̀lù kan sí ìkejì, ajubọ́ọ̀lù á tutọ́, á tún fìlà ṣe, á wo ọ̀run. Gbogbo ìyẹn, àyà ẹni ń lù kìkì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìgbà tí Cubs bá ń pàdánù ni ara Daddy máa ń balẹ̀. Ó mọ ibẹ̀ délé. Á jẹun, á ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ṣebí mo wí." Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àmì méjì síwájú ni ọwọ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Cleveland ni wọ́n bá kan ara wọn nínú World Series 2016, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Cleveland gba mẹ́ta, Cubs gba ẹyọ kan. Daddy ní ó ti tán, kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n má dárúkọ wọn fún òun mọ́. Mo pa á. Kò pẹ́, ó ní, "Aṣọ Cubs mi, ṣé o ti lọ̀ ọ́? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje ń bọ̀." Ẹnu kan náà o! Tí Cubs bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí èyí tó ń jẹ́ keje.

Ọjọ́ ìsinmi, ìkarùn-ún. Mo gbé àwo láti ilé ìdáná, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n fi wo ohun tó ń lọ, Cubs bá gba àmì mẹ́ta pọ̀ lábala kan. Mo fẹ́ wọlé wá jókòó. Daddy kígbe: "Má mira!" Mo ní, "Àwo ń bẹ lọ́wọ́ mi, sà." Ó ní kí n mú un dání bẹ́ẹ̀. Cubs borí, mẹ́ta sí méjì. Ó parí fún mi. Lọ́jọ́ ìkẹfà, àga mẹ́rin ń bẹ ní pálọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo dúró sí tòun ti àwo, mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Daddy pe ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ẹ̀ pe ọkọ ẹ̀, wọ́n ń sọ nípa mi lórí fóònù: "Ṣé ó máa wà ńbẹ̀ lọ́la?" Èmi tí mo ti búra pé mi ò ní oògùn, wọ́n sọ èmi fúnra mi di oògùn.

Ọjọ́ kejì oṣù Bélú ni ìkeje, Ọjọ́rú, ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ku ọjọ́ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ ní àríwá Chicago. Ìyàwó mi pè mí, ó ní ṣé mi ò ní í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní ara Daddy ò balẹ̀, mi ò lè fi í sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ó ní àwọn obìnrin ìjọ ti ń gbàdúrà fún Cubs, pé èpè kan kì í dúró níwájú orúkọ Jésù. Mo ní ó dáa. Ó ní àbúrò òun ní Cleveland náà ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, torí pé láti 1948 làwọn tiwọn náà ò ti gba ife. Ọmọ ìyá méjì, Ọlọ́run kan. Mo gbójú sókè, mo káàánú Olúwa.

Dexter Fowler ti Cubs fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú pápá ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. Daddy di ọwọ́ àga mú. Ó di márùn-ún sí ẹyọ kan. Ó di mẹ́fà sí mẹ́ta. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Daddy, mi ò sọ iye tí mo rí fún un. Abala kẹjọ, ó ku èèyàn mẹ́rin péré tí Cubs máa lé jáde. Aroldis Chapman ló ń jù ú fún Cubs. Bọ́ọ̀lù tí ọkùnrin yẹn ń jù máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí, ṣùgbọ́n wọ́n ti lò ó lánàá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí fóònù mi ṣe dún nìyẹn. Ìyàwó mi ni: kí ló ń lọ, pásítọ̀ náà fẹ́ mọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn wọ ilé ìdáná kí Daddy má bàa gbọ́ Yorùbá lé e lórí. Mo kàn gbọ́ igbe ni. Rajai Davis, ọmọ Cleveland, ti gbá a jáde. Mẹ́fà sí mẹ́fà.

Daddy ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ló ń wò. "Níbo lo lọ?"

Abala kẹsàn-án parí, kò sẹ́ni tó borí, òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Cleveland. Wọ́n fi tápólì bo pápá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún! Inú ìṣẹ́jú yẹn ni Jason Heyward kó àwọn agbábọ́ọ̀lù Cubs jọ sínú yàrá kan, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ìyànjú. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọ̀rọ̀ má bàa pa wá sínú, mo sọ fún Daddy pé nílé wa, àwọn èèyàn kan ń bẹ tí wọ́n máa ń so òjò rọ̀, pàápàá bí ìnáwó bá wà. Ó wò mí dáadáa. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ṣé nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ ẹ?"

Òjò dá fúnra ẹ̀. Ben Zobrist gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹnì kan sáré wọlé, Miguel Montero tún gbá tiẹ̀, ó di mẹ́jọ sí mẹ́fà. Cleveland gbá, Davis yìí náà ló tún mú un di mẹ́jọ sí méje. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Mi ò mira. Ìyàwó mi ń pè, mo jẹ́ kó máa dún. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri lọ bá Kris Bryant. Ó ń rẹ́rìn-ín kó tó mú un, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ bó ṣe ń jù ú, àwo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, Anthony Rizzo gbà á, ó sì ki bọ́ọ̀lù náà bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á. Kò tíì tó agogo méjìlá òru ní Chicago. Ìta dàrú: wọ́n ń fọn kàkàkí mọ́tò, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ ọlọ́pàá. Lógiri Wrigley, àwọn èèyàn ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ òbí wọn tó ti kú láìfojú rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìjọba ìlú pa odò Chicago láró, ó di búlúù, iṣẹ́ sì dúró. Lọ́fíìsì wa, ìyá ìyá òṣìṣẹ́ tó kú lọ́jọ́ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi ní ká jọ ṣe òkú wọn pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ará Iléṣà tó ń gbé South Side, apá gúúsù Chicago, pè mí, inú ń bí i. White Sox tiwọn ti gba ife ní 2005, lẹ́yìn ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó pariwo tó bẹ́ẹ̀. Mo ní òun ló fà á: ta ló ní kí wọ́n má ní ẹran ọ̀sìn nínú ìtàn tiwọn?

Èmi rí iṣẹ́ mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Ọ̀wàrà 2017, Cubs tún kan Dodgers lẹ́nu ọ̀nà World Series, fóònù mi dún. Ọmọ Daddy ni. Ó ní Daddy ń kí mi, pé ṣé mo lè wá dúró díẹ̀, àwọn á san án fún mi, kí n sọ iye tí mò ń gbà ní wákàtí. Mo ní irú iṣẹ́ yẹn, mi ò kí ń gba owó wákàtí, abala ni mo ń gbà, bó bá sì lé ní mẹ́sàn-án, owó ẹ̀ yàtọ̀. Mo dárúkọ iye. Ó ní ó ti wọ́n jù.

Dodgers nà wọ́n, mẹ́rin sí ẹyọ kan.