Ṣé ẹnu géètì nìkan ni sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì wúlò sí?

Oníbúrẹ́dì Àpáta: Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, àwa tá a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ọgbọ̀n. Mò ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó sítọ́ọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì káàkiri. Ẹni tí wọ́n mú wá fún mi jẹ́ sájẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní báráàkì Odógbo l'Ójòó. Ìyàwó mi ní kí n gbà á kíákíá, ó ní dísẹ́lì wa ò ní máa dín kù lóru mọ́. Àbúrò mi tó jẹ́ mánijà ní bí mo bá gbà á, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀, pé sọ́jà ò mọ̀ ju kó máa pàṣẹ lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ò purọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Challenge, ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá wa. Ó fi ọmọbìnrin kan tó pẹ́ dé sórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó mọṣẹ́ jù láàárín wa fi wábi gbà. Ẹni ejò bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá.

Ìyá Ẹlẹ́ran Bódìjà: Mo rántí 1984 dáadáa, nígbà tí ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé WAI dé, ogun tí wọ́n ní àwọn ń bá ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ jà. Kòbókò ni wọ́n fi ń tò wá sórí ìlà ní ibùdókọ̀. Ìlà tò lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n kúrò ńkọ́? Ìtì là ń tì ara wa wọ ọkọ̀ títí dòní. Ohun tí wọ́n bá fi ẹgba kọ́ èèyàn, bí ẹgba bá ti lọ, ó ti tán.

Akọ̀wé Mókọ́lá: Màmá, ẹ má bínú, èyí ti lé ní ogójì ọdún. Ní 2020 tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí.

Ọmọ Òkè-Àdó: Iṣẹ́ ààbò náà ṣì nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní wọn ò mọ ààbò. Fúláwà àti búrẹ́dì là ń sọ.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Mo kí gbogbo yín. Mo ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, n kò sì di ìbọn mú púpọ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀. NAEME ni mo wà, ẹ̀ka tó ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ nìyí: iṣẹ́ sọ́jà kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan wà ní Signals tí wọ́n ń rí sí rédíò àti wáyà, àwọn kan wà ní Supply and Transport, tó jẹ́ pé oúnjẹ, epo àti ọkọ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kà. Àwọn nọ́ọ̀sì wà, àwọn akọ́lé wà, àwọn olùṣírò owó wà. Ṣùgbọ́n bá a bá ti jáde báyìí, ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé àga wa sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Kí awakọ̀ tó ṣíná láàárọ̀, á wo ọ́ìlì, á wo omi, táyà, búrékì, bátìrì. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀: máìlì tó wà lójú aago nígbà tó jáde, èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tó wọlé, ẹni tó ní kó lọ, ibi tó lọ. Bí ìwé ò bá sí, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ń kánjú. Tó bá wá kan jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń sọ, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jọ dúró nídìí táǹkì. Wọ́n á ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọ́n á jọ wo ibi tí epo dé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i. Mo lè sọ ọ́ láìdé ọ̀dọ̀ yín pé láàárín ẹni tó lọ àti ẹni tó dé ni dísẹ́lì yín ti ń sá.

Nítorí náà, ẹ má bi í bóyá ó láyà. Ẹ bi í pé ẹ̀ka wo ló wà, kí ni wọ́n ń fún un bójú tó. Wọ́n sì máa ń kó àwa tá a fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ sí Resettlement Centre ní Òṣòdì láti kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ní kó mú ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ wá.

Ọmọ Òkè-Àdó: Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ yẹn, ta ni ò lè kọ́ ọ? Ọmọ Poli tó jáde lánàá lè ṣe é.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Ó lè kọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Kó máa ṣe é lójoojúmọ́, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ara rẹ̀ ò dá, tí ẹnikẹ́ni ò sì wò ó, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ọmọ mi. Níbi tí àwa ti kọ́ ọ, bí búrékì bá já, àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń kú. Kì í kúrò lára èèyàn. Ẹni tó fi ọmọlọ́mọ kúnlẹ̀ yẹn, ó ṣe ohun tí kò dáa, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n sájẹ́ńtì tó mọṣẹ́, olùkọ́ ni. Òun ni wọ́n ń kó àwọn ọmọdé tí ò mọ ohunkóhun fún.

Alátà Ṣáṣá: Ẹ ò tíì mẹ́nu ba èdè o. Sọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá wa ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ń wá láti òkè Ọya. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Hausa dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ẹ rántí ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà wa ní oṣù Èrèlé 2021. Lẹ́yìn ìyẹn, ìfura pọ̀. Bí awakọ̀ bá dé tínú ń bí i, ọkùnrin yìí á kọ́kọ́ fi èdè rẹ̀ kí i, á bi í léèrè ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó. Ó ti pa iná ìjà tí ẹnì kankan nínú wa ò lè pa.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtú: Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kan tí àwọn ọkùnrin kì í sọ. Ọkọ mi ja ogun ní Borno. Ó padà dé láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ju irin sílẹ̀ lójijì, ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ṣe é. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, páànù ń ró níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀gá, ẹ bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ bi í ohun tó máa ń dà á láàmú. Bó bá nílò kó lọ rí dókítà ọpọlọ ní UCH, ẹ fún un láàyè, ẹ má sì jẹ́ kó di ẹ̀sín láàárín òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí gba iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ mi rí ló jẹ́ kó máa sùn lóru.

Agbẹjọ́rò Ìyágànkú: Èló lẹ fẹ́ san?

Oníbúrẹ́dì Àpáta: Mo ní lọ́kàn bí 45,000, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Agbẹjọ́rò Ìyágànkú: Kò dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi. Láti 2024, 70,000 ni òfin fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn ò tó 25 lòfin yẹn yọ sílẹ̀, ẹ̀yin sì tó ọgbọ̀n. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ èrè iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, kò kan iṣẹ́ tiyín. Ẹ̀yin náà ṣáà rí bí àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe lọ ń dúró níwájú ilé iṣẹ́ ìṣúná l'Ábùjá torí ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tó mọ táǹkì yín, sítọ́ọ̀ yín àti ọkọ̀ yín, tẹ́ ẹ wá ń san owó máígádì fún, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ ní olè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú pé kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ kankan lára.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Mo ní ìbéèrè kan. Nínú ilé iṣẹ́ yín, ta ló ń pàṣẹ? Ẹ̀yin ni, ìyàwó yín ni, àbí àbúrò yín?

Oníbúrẹ́dì Àpáta: Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, bàbá.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Ẹ tún ìyẹn ṣe kó tó dé. Bí ìyàwó bá ní kí ọkọ̀ lọ Ìwó Road, tí mánijà ní kó lọ Mọníyà, ta ni kó gbọ́ tirẹ̀? Ibi tá a ti wá, ẹnì kan ni èèyàn ń jábọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ sọ́jà tí wọ́n ní agídí wọn pọ̀, ibi tí ẹni mẹ́ta ti ń pàṣẹ ni wọ́n bọ́ sí.

Ìyá Ẹlẹ́ran Bódìjà: Èyí wọ̀ mí létí. Àbúrò rẹ ni kó máa jábọ̀ fún, kó lè mọ̀ pé o ò gba ipò òun.

Oníbúrẹ́dì Àpáta: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é lórí fóònù. Supply and Transport ló wà, sítọ́ọ̀ epo ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó bójú tó. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé òun ni ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìyàwó mi. Ó ní kí n fún òun di ọjọ́ Ajé láti rò ó. Owó oṣù, màá san 110,000, a ó fi oṣù mẹ́ta wo ara wa.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn dísẹ́lì yín lálẹ́ àti láàárọ̀ láti òní lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ gbé iye méjèèjì síbí, ti ìgbà tí kò tíì dé àti ti ìgbà tó dé, ká jọ wò ó.