Nítorí ìdajì máàkì

Inú ti ń bí mi láti àárọ̀. Èsì IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ti ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ jáde. Wọ́n gba 8 nínú títẹ́tí sílẹ̀, 7.5 nínú ìwé kíkà, 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú kíkọ, 6. NMC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ní ìlú Ọba, sì ní 6.5 làwọn ń fẹ́ níbẹ̀. Nítorí ìdajì máàkì, àfi kí wọ́n tún lọ sanwó, owó tí owó oṣù ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn aládàáni ò tó.

Kí èmi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìdánwò Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Ta ló ń wọlé láìní kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC tàbí NECO? Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní Jàmáíkà kò ní ṣe ìdánwò yìí, torí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà lára àwọn tí NMC gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Tiwa ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Wọ́n gbé aboyún kan wá lóru. Ará Enugu ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Obìnrin náà ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú, abẹ́ àyà ń ta òun. Ẹ̀gbọ́n yìí dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún dókítà, wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún ń bi í pé láti ìgbà wo ni ojú ti ń ṣú u, ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ kò tíì béèrè. Kí gìrì tó ráyè mú un, magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì aboyún, ti wà lára rẹ̀. Láàárọ̀ tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ka fáìlì rẹ̀: aago tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, iye ìtọ̀ tó jáde, bó ṣe ń mí, ohun tí wọ́n bá ọkọ rẹ̀ sọ. Kò sí ohun kan tí mo ní láti pè wọ́n padà bi.

Ṣé ẹni yìí ni kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì? Gráàfù ni IELTS ní kí wọ́n ṣàlàyé, kí wọ́n wá kọ àròkọ 250 ọ̀rọ̀ lé e. OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó wà fún òṣìṣẹ́ ìlera, wà lóòótọ́, lẹ́tà nípa aláìsàn ni tiwọn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tún wọ́n ju ti IELTS lọ. Tèèyàn bá sì yege pàápàá, lẹ́yìn ọdún 2 èsì ti kú, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń kan bí ọbẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé torí ààbò aláìsàn ni. Àbúrò mi tó wà ní Leeds, ní Yorkshire nílùú Ọba, gba máàkì gidi nínú títẹ́tí sílẹ̀. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá arúgbó kan ń bá a sọ̀rọ̀ lóru, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, títí bàbá fi tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ìdánwò wo ló múra rẹ̀ sílẹ̀ fún bí àwọn ará Yorkshire ṣe ń sọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú èèyàn ló mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ aláìsàn ń yé onítọ̀hún. NMC náà mọ èyí. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba nìkan ló wà fún. Kí ló dé tí mátírọ́ọ̀nù wa níbí ò lè kọ tirẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dí mi lọ́nà. Mo mọ bí a ṣe ń bẹ àgbà títí wọ́n á fi fọwọ́ sí ohun tí wọn ò rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màgòmágó tí wọ́n fura sí nínú CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti NMC, ní Ìbàdàn, tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2023 yẹn, mi ò mọ bí màá ṣe sọ fún NMC pé kí wọ́n gba ìwé wa gbọ́.