Irọ́ ni pé ẹja trout kì í jẹun lábẹ́ omi

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn apẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹ kò bá ti rí ẹja trout kó yọjú sókè omi, kò jẹun nìyẹn, ẹ ká okùn yín kí ẹ máa lọ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Abẹ́ omi ni trout ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wo kòkòrò mayfly. Ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nymph, lè lo ọdún kan tàbí méjì lábẹ́ òkúta àti nínú ẹrẹ̀. Tó bá wá hu ìyẹ́ tán, wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan ló kù fún un láyé, kò tilẹ̀ ní ẹnu tó lè fi jẹun mọ́. Èwo ni ẹja á gbójú lé nínú méjèèjì?

Frank Sawyer, tó bójú tó odò Avon nígbà ayé rẹ̀ ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ èyí dunjú. Ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant àti wáyà bàbà tín-ín-rín ló fi ń wé ìwọ̀ kó lè jọ nymph, kò lo òwú. Wáyà yẹn ló ń mú ìwọ̀ rì. Kò so ẹsẹ̀ kankan mọ́ ọn (ọgbọ́n gidi nìyẹn), torí nymph tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra.

Ìwọ̀ yìí wúlò nínú adágún pẹ̀lú: ẹ jẹ́ kó rì, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí okùn bá ṣàdédé dúró tàbí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé ọ̀pá sókè kíá.