Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Sáré

Òwe yìí, ẹnu ẹni tó bá fẹ́ fi wá wọ́lẹ̀ la ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra mọ́tò, ẹnìkan á ní "ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o", ẹ ní ẹ fẹ́ fọmọ sílé ìwé olówó gọbọi, òwe yẹn náà ni wọ́n á tún sọ lù yín, títí ẹ ó fi máa rò pé ohun tó ń sọ ò ju pé kí kálukú jókòó síbi tó wà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfìgbà tí ojúgun mi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ là ni mo tó gbọ́ òwe yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé, lẹ́bàá Lágere, télọ̀ ni mí, ìdí máṣíìnì ni mò ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ikùn sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ kíláàsì wa àtijọ́ kan gbé fọ́tò sórí WhatsApp, ó dúró láàárín èrò, ó fi nọ́ńbà sáyà, ó ń rẹ́rìn-ín, eré maratọ́ọ̀nù ìlú Èkó ló lọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2016 yẹn, ẹ sì mọ̀ pé yàtọ̀ sí 42 kìlómítà tí àwọn akọni ń sá, wọ́n máa ń fi ti 10 kìlómítà sí i fún irú tiwa. Bí mo ṣe rí fọ́tò yẹn báyìí, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní èmi náà á lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní 10 kìlómítà, wákàtí kan géérégé. Ta ló sọ wákàtí kan fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó kàn dùn lẹ́nu ni.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Wákàtí kan fún 10 kìlómítà, ìṣẹ́jú 6 ni fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, léraléra, láìdúró, fún ẹni tó jẹ́ pé eré tó sá gbẹ̀yìn ni èyí tó sá tẹ̀lé ọ̀kadà tó gbé báàgì ẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, mo gba ọ̀nà géètì kámpọ́ọ̀sì OAU, bí mo ṣe wọ Road 1 báyìí ni mo já a mọ́lẹ̀, mò ń sá lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ látọ̀run. Kó tó di pé mo dé ibi kankan èémí ti tán. Nígbà tí mò ń rìn bọ̀ nílé, ìyá aláàkàrà tó wà lẹ́nu títì wa wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Ṣé kò sí o? Ta ló ń lé ẹ?" Ó kàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni o, àmọ́ ìbéèrè gidi ni. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Èmi ò lé ejò, ejò ò lé mi, fọ́tò ẹlẹ́yà kan lórí fóònù ló ń lé mi kiri Ifẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ bi ara yín léèrè. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru òun rọlẹ̀, ohun tó ń lé yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ gbapò, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ máa wo aago kan náà.

Ọjọ́ kẹfà, mo jí, ẹsẹ̀ kọ̀. Iwájú ojúgun ń dùn mí bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ họ ọ́, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìfi ọwọ́ di ògiri mú. Máṣíìnì mi sì rèé, ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, aṣọ ẹbí ọlọ́jọ́ Sátidé wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pa irọ́ pé iná ò sí.

Bàbá kan wà tó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe lọ́dọ̀ mi, tíṣà eré ìdárayá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Àwọn ni wọ́n rí mi tí mò ń tiro.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Eré ni mò ń kọ́, sà. Mo fẹ́ sá 10 kìlómítà ní wákàtí kan l'Ékòó."

"O ti sá méjì rí, láìdúró?"

"Rárá, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ìgò ojú wọn fi yọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Ojú mi le. Wọ́n rí i pé ojú mi le, wọ́n wá ní, "Mi ò ní kó o jẹ́ èkúté títí ayé o. Eku a máa dàgbà, bó bá sì dàgbà á tún ihò ẹ̀ gbẹ́ kó fẹ̀ sí i. Àmọ́ èkúté tó bá lọ gbẹ́ ihò tó tó ti òkété, ejò ló máa bá a gbénú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yé mi tí mo fi ní kí n wá kọ èyí. Òwe yẹn ò sọ pé kí ìtẹ́ kéré. Ó ní kó bá eku mu. Ẹ kọ́kọ́ wọn eku ná.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n? Ọ̀sẹ̀ méjì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fojú sun nǹkan kan. Bàbá ní kí n máa sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí n rìn fún méjì, kí n tún sá, kí n tún rìn, kí gbogbo ẹ̀ má ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín tí mi ò ní sáré rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré! Ó ń dùn mí. Eré náà ní láti rọ̀ débi pé tẹ́nìkan bá ń bá mi lọ, màá lè sọ̀rọ̀ jáde dópin láìmí hẹlẹ, tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gé mọ́ mi lẹ́nu, mo ti ń sáré jù nìyẹn. Èmi máa ń ka oríkì bàbá mi ni, torí mi ò lẹ́ni tó ń bá mi sá, àwọn tó ń kọjá sì máa ń rò pé orí mi ò pé.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀yà ara wa kì í le lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè kọ́ṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan èémí á ti ń gùn, ẹ ó máa rò pé ẹ ti di ọmọ Kẹ́ńyà. Eegun àti iṣan líle tó so ẹran mọ́ eegun, àwọn yẹn máa ń gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó le. Nítorí náà àsìkò kan máa ń wà tí èémí á ní "ó yá ká lọ", tí ojúgun á sì ní "ẹ dúró dè mí o". Àsìkò yẹn gan-an ni àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣèṣe. Tó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín tàbí òòyì ló ń kọ́ yín, èyí ò kan òwe, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá sì ti lé ní 40, tàbí tó mọ̀ pé òun lẹ́jẹ̀ ríru, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí kó tó ra bàtà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn mo wọn ara mi. Kìlómítà 3, pẹ̀lú ìrìn inú ẹ̀, ìṣẹ́jú 27. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú 9 fún kìlómítà kan nìyẹn, bí mo bá lè di ìyẹn mú délẹ̀, 10 kìlómítà á gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Eku mi nìyẹn, mo rí i, mo gbà á. Mo wá gbẹ́ ìtẹ́ mẹ́ta sínú ara wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni pé kí n débẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n má gbé mi. Èyí tó tẹ̀ lé e, kó má tó wákàtí kan ààbọ̀. Èyí tó wà lókè téńté tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn bí ara bá dá ṣáká, bí oòrùn bá ṣàánú. Ìdí tó fi dáa kó jẹ́ mẹ́ta ni pé ẹni tó bá fojú sun ẹyọ kan, bó bá ti rí i ní kìlómítà kẹrin pé ọwọ́ òun ò ní tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa jókòó sẹ́bàá títì.

Ìwọ̀n yẹn náà ni ò jẹ́ kí n dá 42 kìlómítà láṣà. Ère Mọ̀remí tí wọ́n gbé dúró ní Ifẹ̀ níbí, ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga ẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀ tí mo gbójú sókè ni mo máa ń rántí pé kìlómítà kan ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ọrùn á sì máa ro mí. Àtàrí àjànàkú, kì í ṣẹrù ọmọdé. Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà tí gbogbo ayé ń pariwo, ọdún 2003 ló gba wúrà ayé nínú 5,000 mítà ní Paris, ọdún 2013 ló tó sá maratọ́ọ̀nù ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Hamburg. Ọdún mẹ́wàá! Ọdún 2019 ló wá sá a ní Vienna láàárín wákàtí 1 ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40, tí wọn ò tiẹ̀ kà á sí àkọsílẹ̀ torí bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀. Tobi Amusan tiwa náà, tó ń sá 100 mítà onídènà, ipò kẹrin ló gbé nínú ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, ipò kẹrin náà ló tún gbé ní Òlíńpíìkì Tokyo, kó tó di pé ó lọ fọ́ àkọsílẹ̀ ayé ní Eugene lọ́dún 2022. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo gbogbo ọ̀nà tí ẹṣin yẹn gbà, ẹ má wo ìrù ẹ̀ nìkan.

Àwọn ápù fóònù yẹn ló ń bà wá jẹ́ jù. Ẹ sá kìlómítà 4 tán, inú yín ń dùn, ẹ ṣí i, ẹ rí i pé ẹnìkan ní Ìbàdàn ti sá 18 kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bàtà olówó ńlá yẹn ẹ lè rà á, kódà ẹ lè rí i ní òkìríkà, àkísà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni yẹn, ìyẹn ọdún mẹ́fà òjò àti ọyẹ́, wọn kì í tà á. Mo yọ ápù tèmi kúrò, mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ.

Ó ku díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ifẹ̀ ò tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Òkè Ìtasẹ̀, ẹ má wo aago rárá, òkè kì í jẹ́ kí táìmù sọ òótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣirò tó dájú, kó lọ sórí tráàkì, tráàkì tó péye 400 mítà ni, ìyípo 25 ni 10 kìlómítà, ó súni, àmọ́ kì í parọ́. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà, ẹni tó sá 10 lọ́sẹ̀ yìí lápapọ̀ kó má ṣe ju 11 lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣòfin, àmọ́ ojúgun mi ti fọwọ́ sí i. Bàtà tuntun, ẹ má kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ eré.

Òwe tó tún kù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ẹsẹ̀ mi ló kọ́ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oṣù kẹwàá ni mo bẹ̀rẹ̀, kó tó di oṣù kejì, eyí tó gùn jù tí mo sá ni 8, Bàbá ní ó tó, pé ẹni tó bá lè sá 8 láìjẹ́ pé ó wólẹ̀, èrò á ti méjì tó kù. L'Ékòó, gbogbo èèyàn já lọ, mo dúró sí ìṣẹ́jú 9 mi, àwọn ọmọdé ń kọjá mi, ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ kọjá mi, ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kìlómítà kẹfà kọjá wẹ́rẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, oòrùn ti là, itan ti di igi, mo sì rí àwọn tó já lọ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n di ìbàdí mú. Ìyá onífóònù ò sí lára wọn o, ó ti lọ. Ìṣẹ́jú 87 ni mo fi dé ibi tó parí sí, ìtẹ́ àárín nìyẹn, lórí ẹsẹ̀ ara mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé Ifẹ̀, mo lọ ra àkàrà, nọ́ńbà yẹn ṣì wà lápò mi, mo fi han ìyá.

Wọ́n ní, "Ipò kelòó lo gbé?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

"Wọ́n fún ẹ lówó?"

"Rárá o, èmi ni mo tiẹ̀ san owó mọ́tò lọ, mo tún san án bọ̀."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fi ẹyọ méjì sí i lórí àkàrà mi, wọ́n ní kí n tètè lọ sùn.