Èrò ọkàn mi: Kí ló dé tí ẹ fi ti ojú òpó wa pa kí a tó kó ẹrù wa jáde?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àbúrò wa kan kọ sí ojú òpó tuntun tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ṣí sórí Telegram, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ó ní àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kò fẹ́ ìlọsíwájú, pé bí ohun tuntun bá dé, ariwo ni wọn yóò kọ́kọ́ pa, tí ó bá yá, wọn yóò dákẹ́, wọn yóò sì máa lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó na àtàǹpàkò sókè láti fi gbè é lẹ́yìn. Inú bí mi, n kò sì fẹ́ fi pamọ́. Mo ń kọ èyí kí àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ lè kà á, àti kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ onílé ní Bódìjà tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ ní Apáta, tí wọ́n ń gbèrò láti kó kúrò lórí ojú òpó kan bọ́ sí òmíràn, lè rí i kí wọ́n tó ṣe tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wa, ọmọ dáadáa tí ó ń lo àkókò rẹ̀ fún wa láìgba kọ́bọ̀, kọ ìkéde kan ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú pé láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ti kúrò lórí WhatsApp. Ó ka ìdí rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìdí náà kò sì burú: 1,024 ènìyàn ni gúrúùpù WhatsApp kan ń gbà, nígbà tí ti Telegram ń gba 200,000; ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí Telegram sì lè ka ohun tí a ti sọ kí ó tó dé. Ó tún rán wa létí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ti gúrúùpù àtijọ́ pa, tí ó fi jẹ́ pé ádímìnì nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìkéde náà, tàbí tí kò mọ ohun tí a ń fi líǹkì ṣe, kò lè béèrè ọ̀nà pàápàá, nítorí pé ibi tí ì bá ti béèrè ni wọ́n tì yẹn.

Ìpè tí ó kọ́kọ́ wọlé sí mi lẹ́yìn rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági tuntun. “Àbúrò, ṣé ẹgbẹ́ ti tú ká ni?” ni ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn ìkíni. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn kú àárọ̀ bí òun ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n fóònù òun kò jẹ́ kí òun kọ nǹkan kan. Ó rò pé wọ́n lé òun kúrò nítorí owó ẹgbẹ́ tí òun kò tíì san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ohun tí àwọn alákòóso kà sí àyípadà ojú òpó lásán, ìtìjú ni ó jẹ́ fún obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì gbé ìtìjú náà mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lè pè mí.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kó àǹkárá tí ó wà lórí àga kúrò kí n lè rí ibi jókòó sí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi, fóònù tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti là ní igun kan, tí ó sì ń sọ pé àyè ti kún nígbà tí mo fẹ́ gbé Telegram sórí rẹ̀. Mo ní kí a pa nǹkan díẹ̀ rẹ́ nínú gúrúùpù àtijọ́ kí àyè lè wà, ó sì yára di ọwọ́ mi mú. “Má fọwọ́ kan ìyẹn, jọ̀ọ́. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ń bẹ níbẹ̀.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń sọ ni olóògbé tí ó máa ń fi fọ́ìsì nóòtù gbàdúrà fún gbogbo wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹnìkan ti sọ fún un pé bí wọ́n bá ti gúrúùpù pa, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́. Mo ṣàlàyé pé ohun tí ó ti wà lórí fóònù rẹ̀ kò ní í lọ, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá pa á rẹ́, tàbí bí fóònù náà bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ láìjẹ́ pé ó ti tọ́jú ẹ̀dà kan sí ibòmíràn. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. A kọjá ìkíni ọjọ́ ìbí, ìkéde ìsìnkú, àwòrán aṣọ ẹbí, owó tí a dá jọ fún olùkọ́ wa tí ó ṣàìsàn, àti àwòrán àwọn olùkọ́ àtijọ́ níwájú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, títí a fi kan àdúrà náà. Nígbà tí ohùn náà jáde, ọmọbìnrin tí ó ń bá a gé aṣọ dá àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì ń ṣe àmín. Mo fi ìràwọ̀ sí i kí ó má baà ṣòro láti rí mọ́, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n náà tí ó wà ní Ìlọrin.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo alákòóso gbọ́. Ó ní: “Nígbà tí àwọn aláṣọ kó kúrò ní Gbági àtijọ́ wá síbí, ìyá mi fi mí jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí a fi sílẹ̀, kí n máa júwe ibí fún àwọn oníbàárà. Mo jókòó níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi dá. Ta ni ẹ̀yin fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?” N kò rí èsì fún un.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kò sí ìdí tí ẹrù wa fi gbọ́dọ̀ ṣòfò. Láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2021 ni Telegram ti ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kó ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù WhatsApp wọ inú gúrúùpù tirẹ̀, tòun ti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. WhatsApp fúnra rẹ̀ náà fi àyè sílẹ̀ láti kó ọ̀rọ̀ jáde sínú fáìlì tí a lè tọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìwọ̀n tí ó lè kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yìí kò ní í gbà ju ọ̀sán kan lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, a sì ní ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Kí WhatsApp tó dé, Yahoo Groups, ojú òpó tí ẹgbẹ́ ti ń fi ímeèlì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni a wà, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní ilẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n wà ní London àti Houston ti kọ́kọ́ rí àwọn tí wọ́n kù ní Mókólà padà. Nígbà tí a bọ́ sórí WhatsApp, a fi ìwé àti àwòrán wa sílẹ̀ níbẹ̀ pé a ó padà wá kó wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Yahoo kéde pé àwọn yóò pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n sì sún ọjọ́ tí wọ́n dá síwájú di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020 kí àwọn ènìyàn lè rí àyè kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn alákòóso wa ìgbà náà kò kó ohunkóhun. Àkójọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, tí ó fi àmì sí ẹni tí ó ti kú àti ẹni tí a kò gbúròó mọ́, lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún lè jókòó ṣe irú rẹ̀ nínú wa. Ẹni tí ó rántí èyí, tí ó sì rí i pé wọ́n tún ń ti ilẹ̀kùn kejì, ṣé ó yẹ kí ẹ máa pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú?

Àwọn tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn akọ̀wé fẹ́ràn láti máa sọ ti Facebook. Wọ́n ní nígbà tí Facebook mú News Feed, ojú ewé tí ó ń kó ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni ń ṣe jọ síwájú ẹni, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, àwọn tí wọ́n ń lò ó fárígá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alátakò sílẹ̀ lórí Facebook kan náà, síbẹ̀ ta ni ó rántí ìjà náà lónìí? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í parí ìtàn náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Mark Zuckerberg kọ̀wé sí gbogbo wọn, ó tọrọ àforíjì pé àwọn kò ṣàlàyé ara àwọn dáadáa, ó sì fún wọn ní ọ̀nà tí olúkúlùkù lè fi yan ohun tí ẹlòmíràn yóò máa rí nípa rẹ̀. Ariwo tí ẹ ń bú yẹn ni ó mú ìyẹn wá. Wọn kì í sì í sọ ti Digg rárá, ojú òpó tí àwọn ènìyàn ti ń pín ìròyìn tí wọ́n sì ń dìbò fún un, tí ó yí gbogbo ojú òpó rẹ̀ padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kí ó dá a padà bí ó ti wà, tí wọ́n sì kó lọ sọ́dọ̀ Reddit, ojú òpó mìíràn tí ó jọ ọ́, nígbà tí wọn kò rí ẹni gbọ́ tiwọn. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n ròyìn pé nǹkan bí 500,000 dọ́là péré ni wọ́n ta orúkọ àti ojú òpó náà.

Ní ti pé àwọn àgbà kò lè kọ́ ohun tuntun, ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé Twitter, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan náà tí ẹ ń bú yìí ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè VPN (ohun tí a fi ń gba ẹ̀yìn wọ ojú òpó tí wọ́n tì) tí ó dára jù nínú gúrúùpù wa. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì lò ó, nítorí pé àwọn tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wà ní òdìkejì. Bí ẹnìkan bá wá lọ́ra láti tẹ̀lé yín lọ sórí Telegram, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá dátà WhatsApp tí kò wọ́n ni ó máa ń rà, tí owó dátà tí yóò gbé ohun mìíràn kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yìí. Ti ẹ̀gbọ́n mi ní Gbági nìyẹn pẹ̀lú, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àyè tí ó kún.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ń múra láti kọ èyí, tí kò jẹ́ kí n lè sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn àbúrò wa obìnrin kan, tí n kò gbọ́ ohùn wọn rí ní gbogbo ọdún tí a fi wà lórí WhatsApp, ti ń sọ̀rọ̀ lórí Telegram, ọ̀rọ̀ gidi tí ó sì ní làákàyè nínú. Mo kí ọ̀kan nínú wọn, mo sì bi í léèrè ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́ látijọ́. Ó dá mi lóhùn ní ìkọ̀kọ̀ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń rí nọ́ńbà òun lórí WhatsApp, pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti dá sí ọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin kan tí òun ń pè ní ẹ̀gbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní òru. Lórí Telegram, ẹni tí òun kò fi nọ́ńbà hàn kò rí i. “Ẹ̀gbọ́n, ara mi balẹ̀ níbí,” ni ó sọ.

Èmi tí mo ń jà fún ohun tí a tọ́jú sínú gúrúùpù àtijọ́, n kò mọ̀ pé irú èyí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Mo ti ní i lọ́kàn láti dìde ní ìpàdé wa tí ń bọ̀ ní Òkè-Àdó, kí n sì dábàá pé kí wọ́n ṣí i padà lẹ́yẹ-ò-sọkà. Pé kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa lọ bá àwọn àgbà nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù láti fi ọ̀nà hàn wọ́n, n kò ní í yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ti ṣíṣí gan-an, bí a bá ṣí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò padà sí, àbúrò yìí yóò sì tún dákẹ́. Bí a kò bá ṣí i, n kò mọ ohun tí n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Gbági. Ẹ̀yin obìnrin inú ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò sọ̀rọ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, nítorí pé n kò fẹ́ dá àbá náà láìgbọ́ tẹnu yín.