Barbara Bush nìkan kọ́ ni aya àti ìyá ààrẹ Amẹ́ríkà
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín in kiri pé Barbara Bush, tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nìkan ni obìnrin tó jẹ́ aya ààrẹ Amẹ́ríkà tó sì tún bí ààrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abigail Adams ti ṣáájú rẹ̀, nítorí pé John Adams, ọkọ rẹ̀, ṣe ààrẹ láti 1797 sí 1801, tí John Quincy Adams, ọmọ wọn, sì gorí àléfà ní 1825. Ó dùn mí pé Abigail ti kú ní 1818, ọdún méje ṣáájú àkókò náà. Barbara ní tirẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí ìbúra George W. Bush, ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní 2001.